Ice Station tí Matthew Reilly kọ: ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n tí kò sí nínú ẹ̀dà mi, àti ohun tí àwa òǹkàwé rí sọ sí i

Ìwé tí ó bá lè mú àgbàlagbà gba orí afárá Èkó kọjá nínú òjò nítorí odidi ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n tí kò sí nínú ẹ̀dà rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ní agbára. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé ẹ̀sùn ni yóò pọ̀ nínú àgbéyẹ̀wò yìí: ẹ̀sùn sí ilé ìtàwé tí ó ta ẹ̀dà aláàbọ̀ fún mi, àti ẹ̀sùn sí ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ló ti mọ ìtàn náà, n kò ní tú u palẹ̀. Ọdún 1998 ni ìwé náà jáde. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí nǹkan onírin kan nínú yìnyín Antarctica, wọ́n sì ké gbàjarè. Shane Schofield, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun tí wọ́n ń pè ní Scarecrow, tí àpá ọgbẹ́ là kọjá ní ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì, kó àwọn ọmọ ogun Marines rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ Faransé náà fi dé, tí ilẹ̀ Bìrìtìkó sì tẹ̀lé e. Láti ibẹ̀ lọ, ìbọn kò sinmi mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, tí gbogbo ilé ti sùn, ni mo dé ibi tí wọ́n ti ń lé Schofield. Ó wà nínú hovercraft, ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ń sá eré àsápajúdé lórí yìnyín, àwọn ọmọ ogun SAS ilẹ̀ Bìrìtìkó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí ojú ewé. Ọkùnrin náà ti wà nínú òkun, n kò rí ọkọ̀, n kò rí ẹni tí ń lé e, gbólóhùn tí ó wà lókè ojú ewé náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Mo tan fóònù mi sí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìwé: odidi ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n ni kò sí láàárín. Ìbínú náà kò jẹ́ kí n sùn, nítorí pé kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín ìtàn lásán ni wọ́n gé kúrò, ibi tí ó dùn jù ni.

Ilé ìtàwé náà wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Broad Street, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo wọ dánfó CMS ní Ojúẹlẹ́gbà, òjò sì ká wa mọ́ orí afárá. Nígbà tí mo wọlé, ọ̀dọ́kùnrin tí ó wà nídìí káńtà ń tẹ fóònù. Mo kí i, mo fi rìsíìtì hàn án, mo ṣí ìwé sí ibi tí ó ti fò. Kò wo ìwé náà rárá. Pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni ó nawọ́ sí, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo ṣàlàyé fún un pé n kò dá ọjà padà, ẹ̀dà tí ó pé ni mo wá gbà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú pé kò sọ́mọdé nílé yín?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Mo ní kí ó fọwọ́ kan ìdí ìwé náà. Bí ènìyàn bá fa ojú ewé ya nínú ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, àpá rẹ̀ kò ní fara sin: etí bébà yóò ṣẹ́ kù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìdí ìwé, gọ́ọ̀mù yóò sì là. Ti ìwé mi mọ́, ó tẹ́jú, ó sì le gírígírí. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ọ̀gá kò sí nílé, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo bi í bóyá òun ni yóò san owó ọkọ̀ tí n óò fi padà wá, ó sì dojú kọ fóònù rẹ̀ padà. Ọmọbìnrin kan tí ń to ìwé àwọn ọmọ iléèwé sórí pẹpẹ rọra sọ fún un pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá tó wà lẹ́yìn.” Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó lọ pè é.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí Bàbá yìí jáde. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ kú ìrìn, ìyá mi. Ẹ jókòó ná, òjò ti pa yín.” Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó gba ìwé náà, ó sì fi èékánná àtàǹpàkò tọ ìdí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ń wá ojú ọgbẹ́. Ó gbé e sún mọ́ iná, ó ká èèpo rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Ibi tí wọ́n ti tò ó ló ti wá.”

Ṣómólú ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé kí ó tó wá sí Èkó, àlàyé tí ó ṣe fún mi sì yé mi ju ohunkóhun tí mo ti gbọ́ rí nípa ìwé lọ. Orí bébà ńlá kan ni wọ́n máa ń tẹ ọ̀pọ̀ ojú ewé sí pa pọ̀. Wọn yóò ká a di ìdìpọ̀ kékeré, wọn yóò to ìdìpọ̀ kan lé òmíràn lẹ́sẹẹsẹ, wọn yóò gé ìdí gbogbo wọn kí gọ́ọ̀mù lè mú ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wá lẹ èèpo mọ́ ọn. Bí ìdìpọ̀ kan bá tán nídìí iṣẹ́ tí ẹni tí ń tò ó kò sì fura, gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n bá tò tẹ̀lé e ni kò ní ní ojú ewé wọ̀nyẹn, kò sì ní sí àpá kankan nídìí rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé páálí tí ìwé náà bá dé wá. Ó fi itọ́ tutù sórí ìka, ó ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan: àbùkù kan náà wà lára mẹ́ta nínú wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó pé. Èyí tí ó pé náà ni ó gbé fún mi, ó sì ní kí n má lọ nínú òjò, kí n jókòó ka ibi tí mo pàdánù níbẹ̀.

Mo jókòó. Ọmọbìnrin náà gbé omi tútù fún mi. Mo sọ fún Bàbá pé nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kọ̀ láti tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí Reilly, ọmọ Sydney ní ilẹ̀ Australia, kọ, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 1,000 ní ọdún 1996, àti pé inú ilé ìtàwé ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kan ti rí i tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Inú Bàbá dùn gan-an. Ó ní àìmọye ọmọ Èkó ni òun ti bá tẹ irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ní Ṣómólú tí wọ́n ń gbé e kiri lápò. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbójú sókè tí mo rí ọ̀dọ́kùnrin ìdí káńtà tí ó ń to àwọn ẹ̀dà aláàbọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà padà sórí pẹpẹ fún ẹlòmíràn láti rà. Mo dìde, mo pe Bàbá. Bàbá kò pariwo. Ó kó wọn sílẹ̀, ó mú bírò pupa, ó sì kọ “KÒ PÉ” gàdàgbà sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n náà dùn. N kò ní sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń pe irú ìwé yìí ní ariwo lásán kò kíyè sí bí Reilly ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya àwòrán ibùdó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà sínú ìwé kí o lè mọ ibi tí olúkúlùkù dúró sí. Ó máa ń fi irinṣẹ́ hàn ọ́ tipẹ́ kí ó tó di ohun tí yóò gba ẹ̀mí là, gẹ́gẹ́ bí Maghook, ìbọn tí ń ta ìkọ́ àti okùn jáde, tí ẹ óò rí nínú ìwé náà léraléra. Ìpín kọ̀ọ̀kan kúrú, ó sì máa ń gé e síbi tí ọwọ́ rẹ kò ti ní lè gbé ìwé sílẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òǹkàwé wa jókòó lé e lórí ní Sùúrùlérè, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Ọmọkùnrin kan tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Akọka ní ìtìjú ni ìwé náà. Ó rán wa létí pé àdéhùn tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1959, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, ti ka ìgbòkègbodò ológun léèwọ̀ ní Antarctica, àti pé Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Faransé tí ń pa ara wọn nínú ìtàn yìí wà lára àwọn 12 náà. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó ba ìwé jẹ́. Nítorí àdéhùn yẹn gan-an ni àwọn ará Faransé inú ìtàn fi ní láti wọlé bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Dumont d’Urville, ibùdó wọn tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí wọ́n tó yọ ìbọn. Bí kò bá sí òfin níbẹ̀, kí ni wọn ìbá máa díbọ́n fún?

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan nínú wa bínú sí àwọn ẹranko inú rẹ̀. Ó ní àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní killer whale, kò sí àkọsílẹ̀ tí ó dájú pé ó pa ènìyàn rí nínú òkun gbalasa, bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, ńṣe ni wọ́n ń gbé ènìyàn jẹ bí ẹja. Mo gbà fún un lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó fi kún un pé leopard seal, ẹranko òkun ńlá kan tí ń jẹ ẹran, fa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Bìrìtìkó kan wọ inú omi ní Antarctica ní ọdún 2003, tí obìnrin náà sì kú. Omi ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré.

Ẹni tí ó yà mí lẹ́nu jù ni Ẹ̀gbọ́n wa tí ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tí ó bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà. Gbogbo wa rò pé òun ni yóò tú ìwé náà fọ́. Òun ni ó gbè é lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, “Ẹ má bínú sà, Ẹ̀gbọ́n, ṣé báyìí ni ogun ṣe rí?” Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, “Rárá o. Èyí tó jẹ́ òótọ́, mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n ka èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀.”

Ibi tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti yapa ni ọ̀rọ̀ ikú. Gbogbo àwọn tí ń kùn pé eré Schofield pọ̀ jù, pé ọta ìbọn kò bà á, ibi tí kò dun ìwé náà ni wọ́n ń lù. Ohun tí ó dùn mí ni pé Reilly yóò fún ọmọ ogun kan lórúkọ ìnagijẹ, yóò jẹ́ kí ó dá àpárá kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi pa á, eré a sì tún máa lọ. Ọmọ ẹni kan ni wọ́n. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Làìbéríà. Ó ní kò sáyè ẹkún nígbà tí ìbọn ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti délé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá ojúlé ìyá olóògbé lọ. Irú ojú ewé yẹn ni mo wá nínú ìwé yìí, kò sì tó mi. Àwọn tí ó tọ́jú dáadáa wà níbẹ̀: Mother, obìnrin ológun tí ẹranko omi gé lẹ́sẹ̀ tí kò sì juwọ́ sílẹ̀, àti Kirsty, ọmọdébìnrin tí òun àti seal rẹ̀ jọ ń ṣeré. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe fún àwọn wọ̀nyí ni n kò ṣe lè dárí jì í lórí àwọn yòókù.

Mo fún ìwé náà ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ìràwọ̀ 2 ni mo fún ilé ìtàwé náà, bí Bàbá àti ọmọbìnrin náà tilẹ̀ tọ́ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀dọ́kùnrin ìdí káńtà kò sọ “ẹ má bínú” fún mi títí mo fi jáde, pátákó náà sì wà lára ògiri síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwé níbẹ̀, kí ó yẹ nọ́ńbà ojú ewé wò lórí káńtà kí ó tó sanwó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì jiyàn pẹ̀lú yín, ẹ ní Bàbá tí ó wà lẹ́yìn ni ẹ fẹ́ rí.