HIFU fún endometriosis inú ìfun: ọdún mẹ́rin rèé, bó ṣe rí lára mi nìyí

Jẹ̀díjẹ̀dí ni ìyá mi pè é. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi mu àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, nínú ike omi tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù wé lẹ́nu, kí dókítà kan ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, tó wo MRI mi, àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, tó sì sọ pé kì í ṣe jẹ̀dí rárá. Endometriosis ni. Ẹran tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló lọ hù sára ìfun mi, lókè ihò ìdí díẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti dé, òun náà á wú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin lóṣooṣù, bí mo bá fẹ́ yàgbẹ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń dì mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí lórí WhatsApp nípa HIFU tí mo ṣe, ìyẹn ìtọ́jú tó ń fi ìgbì ohùn jó ẹran náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Irun ni mò ń dì ní Guillotière, àdúgbò kan ní Lyon. Bí oníbàárà bá fẹ́ braids wẹ́wẹ́, mo lè dúró wákàtí mẹ́jọ. Torí náà, kì í ṣe bí ilé ìwòsàn ṣe ń wọn ìrora lèmi fi ń wọ̀n ọ́n. Iye wákàtí tí mo lè dúró láìfara ti àga lèmi ń kà.

Abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ mí. Bí ohun tó wà lára ìfun bá fẹ́lẹ́, wọ́n lè fá a kúrò. Bó bá jinlẹ̀, wọ́n lè gé ojú ibẹ̀ róbótó kí wọ́n sì rán an, tàbí kí wọ́n gé odindi ibì kan lára ìfun kúrò kí wọ́n so orí méjèèjì pọ̀. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin lóore, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣẹ́ abẹ ń ka ewu rẹ̀ fún mi, ó dé ibi tí ìfun ti lè lu sí ojú ara, ó tún dé orí àpò tí wọ́n lè so mọ́ ikùn fún ìgbà díẹ̀ kí ìgbẹ́ máa gbabẹ̀. Mi ò gbọ́ ìyókù mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa. Aṣọ yẹn nìkan ni mò ń rí lójú inú mi. Ti oògùn oníhóró, dienogest, ó dín ìrora kù lóòótọ́, àmọ́ ó sọ mí di ẹni tó ń sunkún nídìí ìpolówó ọṣẹ lórí tẹlifíṣọ̀n.

HIFU wá dé. Ẹ rántí bá a ṣe máa ń fi dígí kó oòrùn jọ sórí ìwé ní pámárì, títí ìwé á fi jóná. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, àmọ́ ìgbì ohùn ló wà nípò oòrùn. Ìgbì kọ̀ọ̀kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ni. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ló ń gbóná débi pé ẹran ibẹ̀ á kú. Focal One lorúkọ ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ EDAP tó ṣe é wà ní Vaulx-en-Velin, bọ́ọ̀sì lásán ló máa gbé yín débẹ̀ láti Lyon. Jẹjẹrẹ próstéètì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Dókítà Gil Dubernard àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Croix-Rousse ní Lyon ló dán an wò fún endometriosis ìfun, kí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ní Faransé tó dara pọ̀. Ìlú mìíràn ni mo ti ṣe tèmi, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ rò níwájú. Ẹ̀rọ ọkùnrin ni mo lọ dùbúlẹ̀ sí, ọkọ mi ò sì tíì gbàgbé ẹ̀fẹ̀ yẹn dòní.

Àsìkò tí a ṣì ń wọ ìbòjú nítorí kòrónà ni. Wọ́n fi omi fọ ìfun mi láàárọ̀, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ sí eegun ẹ̀yìn, láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ kú tipiri. Mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ihò ìdí ni ọ̀pá ẹ̀rọ náà ń gbà wọlé. Ojú á tì yín fún bí ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà ó tán. Dókítà ń wo inú mi lórí dígí kọ̀ǹpútà, ó ń fa ìlà yí ibi tó fẹ́ jó ká, bíi télọ̀ tó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ kó tó gé e. Kò tó wákàtí kan. Mo sùn mọ́jú níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí mi ń wá bándéèjì kiri ara mi: “Níbo ni wọ́n ti là ẹ́ gan-an?”

Ẹni tó bá sọ fún yín pé lọ́jọ́ kejì lara á ti yá, ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń ta mí, nǹkan bí ikun sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Mo rò pé mo ti ba ara mi jẹ́. Lẹ́yìn nǹkan oṣù kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé mo jókòó sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, mò ń wo fóònù, ọwọ́ mi ò sì sí lára ilẹ̀kùn. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó. Ó ní kí ni òun fẹ́ wá wò níbẹ̀.

MRI oṣù kẹfà fi hàn pé ó ti sún kì. Sún kì ni mo wí o, mi ò ní ó lọ. Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi mí nìyẹn, “Ṣé ó ti lọ?” Rárá. Wọn ò gé nǹkan kan jáde. Ó wà níbẹ̀ dòní. Ọdún kìíní àti ìkejì, mo gbàgbé pé mo ní i. Lọ́dún kẹta, ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá ní ọjọ́ kejì nǹkan oṣù, ìdajì ti àtijọ́ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kí n padà sídìí oògùn oníhóró, òmíràn tí kì í mú mi sunkún. MRI tí mo ṣe gbẹ̀yìn, ìwọ̀n rẹ̀ ò yí padà. Inú rírun ti ilé ọmọ, HIFU ò ṣe nǹkan kan sí i, torí ìfun ni wọ́n fi jó, kì í ṣe ilé ọmọ. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìyẹn fún mi dáadáa kí n tó wọlé.

Ẹ̀sùn mi rèé. Ní ọdún kìíní, ilé ìwòsàn tí mo ti ṣe é ń pè mí bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìrora yín, láti òdo dé mẹ́wàá. (Mo sọ méjìlá nígbà kan, nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.) Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tí ìrora padà dé lọ́dún kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ orin lórí fóònù wọn, orin kan náà, kí ẹnì kan tó gbé e. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń pẹ́ sí lára ènìyàn, ẹ̀yin náà lẹ ò gbé fóònù. Ìràwọ̀ mẹ́rin fún ẹ̀rọ, ìràwọ̀ kan fún fóònù.

Ṣé màá tún ṣe é? Bẹ́ẹ̀ ni. Wákàtí mẹ́jọ ti padà sí mi lẹ́sẹ̀, àyàfi ọjọ́ kan tàbí méjì lóṣù. Ṣùgbọ́n kò yẹ gbogbo ènìyàn. Ibi tí ọ̀pá yẹn lè dé nìkan ló lè jó. Bí tiyín bá wà lókè nínú ìfun, kò lè kàn án. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tó wà hàn yín lórí MRI kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Èmi ò san kọ́bọ̀, torí inú ìwádìí tí wọ́n fi ń dán an wò ni mo wà. Ọdún 2025 ni EDAP ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ CE láti máa tà á ní Yúróòpù fún irú endometriosis yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, HIFU tí wọ́n ń polówó ní Èkó fún fáíbúróìdì kì í ṣe èyí o. Orí ikùn nìyẹn ń gbà. Mo mọ ọmọdébìnrin kan tó ti fẹ́ sanwó kí n tó dá a dúró.

Ìyá mi gbọ́ pé ó ti sún kì. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àgbo náà máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ni. Ike méjì wà nínú fìríìjì mi bí mo ṣe ń kọ èyí.