Alájẹṣẹ́kù tàbí máíkírófáínáǹsì: ibo ni kí àgbẹ̀ kòkó Oǹdó ti yáwó?

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, tí owó oògùn kòkó ò sì sí nílẹ̀, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu ará oko.

Alájẹṣẹ́kù sábà máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó téèyàn ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ kì í sì í ga. Èlé máíkírófáínáǹsì, ìyẹn báńkì kékeré tó ń yáni lówó, ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣírò. Ká ní ₦100,000 lẹ yá fún oṣù 6, kí èlé sì jẹ́ ₦3 lórí ₦100 lóṣù: ₦18,000 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gbèsè yín ń dín kù lóṣooṣù, èlé ò dín.

Ibi tó ti ń dunni jù ni sísan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kadà òṣìṣẹ́ máíkírófáínáǹsì tó ń gba owó ọ̀sẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Mọ́mì, káàdì yín dà?" Kòkó kì í so lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá lowó gidi ń wọlé, alájẹṣẹ́kù sì lè dúró dè é.

Ṣùgbọ́n bí akápò ẹgbẹ́ bá kówó sá lọ, ọ̀rọ̀ di ti ẹbí. Owó tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ sí máíkírófáínáǹsì tó níwèé àṣẹ, láti 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó táwọn èèyàn fi sí báńkì, ń dáàbò bò ó dé ₦2,000,000.

Àgbẹ̀ tó ti ń dáwó lẹ́gbẹ́ tipẹ́, alájẹṣẹ́kù ni tiẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta gàrí lójoojúmọ́, tí ò sì lè dúró de ìpàdé ẹgbẹ́, máíkírófáínáǹsì lè bá a mu, bí èrè gàrí bá ká owó ọ̀sẹ̀.