Àgbéyẹ̀wò: Ìgbà wo ni ó yẹ kí ènìyàn lọ wọ ọkọ̀ onírọ́bà lórí odò Zambezi?

Ilé iṣẹ́ kan tí ó ń bá àwọn arìnrìn-àjò ṣètò níhìn-ín ní Òṣogbo ni ó mú èmi àti àbúrò mi lọ sí Livingstone ní orílẹ̀-èdè Sámbíà, níbi tí a ti wọ ọkọ̀ onírọ́bà lórí omi ríru odò Zambezi, nísàlẹ̀ òṣòòrò omi Victoria. Ètò bàálù, ilé ìtura àti ìwé ìwọ̀lú lọ déédéé. Ìmọ̀ràn wọn nípa ìgbà ni mo ní ẹjọ́ lé lórí, nítorí pé òun ni ó lè sọ owó ènìyàn di òfo.

Oṣù Karùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún wa. Wọ́n ní òjò á ti dáwọ́ dúró lọ́hùn-ún, odò á sì ti fà. Bí a bá fi ojú Òṣogbo wò ó, ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, nítorí pé bí òjò bá rọ̀ níbí, kò ní pẹ́ tí odò Ọ̀ṣun á fi kún. Zambezi kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò tí ó ń kún un máa ń rọ̀ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, lápá òkè odò ní ìwọ̀-oòrùn Sámbíà àti ní Àngólà, omi náà á wá tàn ká pẹ̀tẹ́lẹ̀ Barotse, á máa rọra ṣàn bọ̀, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni odò ń kún jù lọ ní Livingstone. Ó ṣì kún gan-an nínú oṣù Karùn-ún.

Kì í ṣe omi kíkún ni a ń wá. Ọ̀gbun Batoka, tí odò náà ń gbà kọjá nísàlẹ̀ òṣòòrò omi, há, ògiri òkúta rẹ̀ sì ga ju mítà 100 lọ. Bí omi bá kún, ó máa ń bo òkúta mọ́lẹ̀, bí ó bá sì kún jù, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ rárá. Láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kejìlá tí omi bá fà, àwọn òkúta á yọrí, omi á máa já láti orí wọn, ọkọ̀ á sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi ríru kìíní (nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe wọ́n) dípò ìkọkànlá tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí odò bá ga. Ìkẹsàn-án ni wọn kì í jẹ́ kí àlejò gbà kọjá. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn létí rẹ̀, mo sì dúpẹ́ nígbà tí mo rí i.

A ní kí wọ́n sún un sí oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé ará ilé wa kì í rìnrìn-àjò ní oṣù Kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Wọ́n gba owó díẹ̀ lé e. Oṣù náà tẹ́ mi lọ́rùn ju èyíkéyìí lọ: omi ti fà, òtútù oṣù Kẹfà àti Keje ti lọ, ooru oṣù Kẹwàá kò sì tíì dé, èyí tí ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ gun òkè jáde nínú ọ̀gbun náà lẹ́yìn tí apá ti ro ó yóò mọ rírì rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ wo òṣòòrò omi kò gbọdọ̀ sún un kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, ti apá Sámbíà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ti apá Sìmbábúè kì í gbẹ.

Mi ò rí àléébù kankan lára àwọn atukọ̀. Wọ́n fún wa ní akoto àti ẹ̀wù agbéniléfòó, wọ́n kọ́ wa ní àṣẹ kọ̀ọ̀kan létí omi kí a tó gbá àjẹ̀ mú, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ẹlẹ́nìkan sì ń tẹ̀ lé wa. Ọ̀kan nínú wọn ni ó fa àbúrò mi yọ ní ìkejìdínlógún, tí wọ́n ń pè ní Oblivion, nígbà tí ọkọ̀ wa dojú dé.

Ẹ bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ara yín kí ẹ tó san owó. Ó pẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà tó rán wa létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni káàdì tuntun kì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí ènìyàn bá ti gba abẹ́rẹ́.