Ọgbà wáyà láàárín ilé méjì: ó pààlà ilẹ̀, kò dí ìkíni lọ́wọ́

Bí ilé méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìgbésí ayé wọn ò bára mu, àmọ́ tí wọ́n ṣì ń kíra, ọgbà wáyà tí wọ́n hun bí àwọ̀n la máa ń ní kí wọ́n rà. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó bá ga ń fa gbólóhùn asọ̀: òjìji rẹ̀ á bo ọgbìn ẹnìkejì, omi òjò á sì dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Pákó lójú, ó lẹ́yìn, ẹni tí wọ́n bá sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ni yóò máa wo igi ìdábùú àti orí ìṣó lójoojúmọ́. Wáyà kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n gbogbo wáyà kọ́ ni wáyà. Bí nọ́ńbà gẹ́ẹ̀jì bá ṣe ń kéré ni wáyà ṣe ń nípọn: gẹ́ẹ̀jì 9 tó nǹkan bíi mílímítà 3.8, gẹ́ẹ̀jì 11 tó 3, gẹ́ẹ̀jì 12 kò ju 2.7 lọ. Fún ààlà ilé, 11 tó. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ ni wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ọlọ́jà á ní gẹ́ẹ̀jì 9 ni, bẹ́ẹ̀ ó ti ka rọ́bà mọ́ ọn, irin inú rẹ̀ lè má ju 11 lọ. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, kí ẹ wọn irin nìkan.

Ẹ yẹ etí òkè rẹ̀ wò pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n lọ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó ń ya aṣọ, ó sì ń ha ọmọdé lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ kọ́ ara ló yẹ láàárín ọ̀rẹ́. Gíga mítà 1.2 tó, torí ẹ lè na kọ́kọ́rọ́ tàbí abọ́ sí ara yín lókè rẹ̀. Mítà 1.8 ti fẹ́ jọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Òpó ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Kí àárín òpó méjì má ju mítà 3 lọ. Òpó igun àti ti géètì gbọ́dọ̀ sanra ju ti àárín: nǹkan bíi mílímítà 60, ti àárín 48. Ẹ gbẹ́ ihò ní sẹ̀ǹtímítà 60 sísàlẹ̀, kó fẹ̀ tó 20 sí 25, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè rí ibi gbà. Ẹ po kọnkéré ní sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, òkúta 4, kí ẹ sì jẹ́ kí orí rẹ̀ dagun kí omi má dúró tì irin. Ọ̀sẹ̀ kan ló dáa kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fa wáyà ní ọjọ́ kejì, òpó igun á tẹ̀ sínú, wáyà á dẹ̀, kò sì ní gbọ́ àtúnṣe láìhú òpó.

Ọwọ́ nìkan ò lè fà á le. Ẹ ki irin gbọọrọ bọ ihò etí wáyà, kí ẹ fi jáàkì ìfanǹkan fà á. Bí ẹ bá fi ìka méjì fún ihò kan pọ̀, kò gbọ́dọ̀ sún ju mílímítà 6 lọ. Ẹ so ó mọ́ òpó ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì fa wáyà kan tó le gba ìsàlẹ̀. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọgbà wáyà wà, ajá sì mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan, ẹ jọ dúró lórí òkúta ààlà, ẹ na okùn, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe sílẹ̀. Géètì kékeré tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 tọ́ sí owó tí ẹ máa ná lé e, bí ọwọ́ ilé méjèèjì bá lè ṣí i.

Àbùkù rẹ̀ ò farasin: kò gba ariwo dúró, kò bo nǹkan kan. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí ewéko gùn ún bolẹ̀ tàbí ta ọ̀rá sí i lára, atẹ́gùn ò ní rí ibi gbà mọ́, òpó tinrín á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ará ẹ̀gbẹ́ rí aṣọ tó sá, kó ra nǹkan mìíràn.