Ìsọ̀ Ìwé Àlòkù Kan ní Agbowó, àti Bẹ́ǹṣì tó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ra ìwé ní ìsọ̀ kan ní Agbowó, ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí kò jìnnà sí ẹnubodè Yunifásítì, ó sì ṣòro kí oṣù kan kọjá kí n má dé ibẹ̀. Ìsọ̀ náà kò ní pátákó orúkọ lójú ọ̀nà. Tábìlì gígùn kan ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí, tí ìwé kún orí rẹ̀ bámúbámú; pẹpẹ onípákó mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àwọn pẹpẹ yìí ni bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ páànù, níbi tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń jókòó sí, tí oníkálukú wọn dorí kọ ìwé tirẹ̀. Bẹ́ǹṣì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ju ohun gbogbo lọ, nítorí òun ló jẹ́ kí n fi ìsọ̀ yìí ṣáájú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn.

Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ìwé, bí ènìyàn bá ṣí ojú-ìwé méjì wò, ẹni tó ń tajà á ti béèrè bóyá ó fẹ́ rà á tàbí kò fẹ́ rà á. N kò dá wọn lẹ́bi, ọjà ni wọ́n ń tà, owó ilé wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n bàbá tó ni ìsọ̀ tí mo ń sọ yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníwèé, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ẹ jókòó, ẹ kà á wò ná.” Ó gbà kí ènìyàn ka orí kìíní ìwé yòówù láìsan kọ́bọ̀. Bí ìwé náà bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, yóò san owó rẹ̀, yóò mú un lọ sílé. Bí ó bá sì dá a padà láàrin ọjọ́ 14 láìya, láìlẹ́gbin, Bàbá á yọ ₦300 nínú owó náà, á dá ìyókù padà. Ìwé àkọsílẹ̀ gígùn kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń kọ orúkọ ìwé, iye rẹ̀ àti ọjọ́ sí. N kò tíì rí i kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí owó tó yẹ kí wọ́n dá padà.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ìyá bàbá mi bá ń pàlọ́ lálẹ́, tí oorun bá gbé mi lọ lẹ́ẹ̀kan péré, ibi tí mo sùn fò yẹn ti lọ nìyẹn. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n tún un pa, wọ́n á tún un pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlọ́ mìíràn ni yóò jẹ́, nítorí pé orin á yí padà, ìjàpá á sọ ohun tí kò sọ lánàá. Adùn tó wà nínú ìyẹn kò kéré, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fi ìwé rẹ́ àlọ́ jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé nìkan ni ohùn tó já bọ́ sílẹ̀ tí kò fọ́. Òǹkàwé lè padà sẹ́yìn lọ gbé ọ̀rọ̀ náà láti ibi tó wà, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, òǹkọ̀wé kò sì ní sọ fún un pé ó ti tó. Mo gbà pé ìdí tó jinlẹ̀ jù lọ nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn ìwé kíkà, mo sì gbà pé Bàbá Oníwèé mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì náà. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lé orí rẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nípọn. Mo rí i pé ó kà dé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kan, ó fẹ́ ṣí i, ó dáwọ́ dúró, ó tún gbé ojú padà sí òkè ojú-ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ ń mì, bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ náà sí ara rẹ̀ létí. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, n kò sì béèrè. Ó san ₦800, ó ti ìwé náà sínú báàgì, ó lọ wá ọkọ̀.

Ìwé Yorùbá ni mo máa ń bá lọ síbẹ̀ jù lọ, apá ibẹ̀ sì ni ọjà Bàbá ti dára jù. Ẹ̀dà àwọn ìwé D. O. Fágúnwà kì í wọ́n lórí pẹpẹ kejì. Ìwé àkọ́kọ́ tí Fágúnwà kọ, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti jáde láti ọdún 1938, síbẹ̀ n kò tíì dé ìsọ̀ náà kí n má bá ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Àwọn tó ti kà á yóò rántí pé kì í ṣe ọdẹ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀: arúgbó kan ló wá bá ẹni tó ń sọ ìtàn fún wa, tó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, kó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀, kí ó má baà bá òun lọ sí sàréè. Nígbàkúùgbà tí mo bá ka ibẹ̀, ara mi a máa bù máṣọ. Ẹni tó fi ẹnu sọ ọ́ fẹ́ kí ohùn òun di ohun tí a lè padà sí, àwa náà ṣì ń padà sí i.

Díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ jẹ́ títẹ̀ àtijọ́, tí bébà wọn ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Nínú wọn, “aiye” ni a óò rí dípò “ayé”, “enia” dípò “ènìyàn”, nítorí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n kí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí tó fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1974. Kí ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ tó ń múra ìdánwò yẹ ọdún tí wọ́n tẹ ìwé wò kó tó sanwó. Fún èmi, mo fẹ́ràn àwọn àtijọ́ yìí, nítorí pé bí mo ṣe ń ka “aiye” yẹn ni mò ń gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń kàwé sókè ní pálọ̀ wa.

Ìtàn kan wà tí Bàbá Oníwèé máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Láàrin ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí I. B. Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀ ń gbé lẹ́tà jáde lẹ́tà lẹ́tà, láti ọwọ́ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, tó ń fi omijé sọ bí òun ṣe lo ìgbà èwe òun nílòkulò. Àwọn ará Èkó ń dúró de lẹ́tà tó kàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ibi tí Bàbá máa ń tẹ̀ mọ́ ni pé ìtàn náà kò parí sínú ìwé ìròyìn: ní ọdún 1930 wọ́n kó àwọn lẹ́tà wọ̀nyí jọ, wọ́n sọ wọ́n di odidi ìwé kan. “Ẹ ò rí i,” ni wọ́n á wí, “wọ́n ti kà á tán, wọ́n tún fẹ́ kà á.”

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an níbẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù. Ní ọdún tó kọjá, mo ra ọ̀kan nínú àwọn ìtàn Lápàdé, akọni inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde fún wa ní ọdún 1969 nínú Àjà Ló Lẹrù. Mo gbé e délé, mo jẹun alẹ́ tán, mo tan àtùpà, mo sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ojú-ìwé 64, ọ̀rọ̀ ti wọra. Mo ṣí i, ojú-ìwé 81 ni mo bá. Mo rò pé bébà méjì ló lẹ̀ mọ́ra ni. Mo fi ìka pa á, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ojú-ìwé 81 náà ni. Oorun kò kùn mí mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí lè máa rò pé ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni ni.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì, Bàbá kò jiyàn. Wọ́n yí ẹ̀yìn ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí ibi tí òwú ti já, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi pé ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ojú-ìwé 16 ni wọ́n fi rán ìwé náà, pé bí òwú ìdìpọ̀ kan bá já, gbogbo 16 náà á jọ bọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ìdìpọ̀ karùn-ún gẹ́lẹ́ ló bọ́, láti ojú-ìwé 65 dé 80. Wọ́n na owó mi sí mi. Mo ní n kò fẹ́ owó, ohun tó wà láàrin ni mo fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì gbé ẹ̀dà tiwọn fúnra wọn jáde, èyí tí kì í ṣe títà, wọ́n fi bébà wé e dáadáa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ka ojú-ìwé 16 náà láìgbé ojú sókè. Nígbà tí mo fi parí rẹ̀, wọ́n ti ń kó ìwé wọlé, ẹni tó ń sun àgbàdo ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ti tan iná tirẹ̀.

N kò ní pa àléébù mọ́. Ooru abẹ́ páànù yẹn kì í ṣe kékeré láti agogo 12 ọ̀sán lọ, bí òjò bá sì fẹ́ rọ̀, tapólì ni wọ́n ń dà bo gbogbo tábìlì, ènìyàn kò sì ní lè wo ohunkóhun mọ́. Ìwé àwọn ọmọdé kò tó nǹkan. Mo ti sọ ọ́ fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mí pé kò tíì yí padà, nítorí ẹni tí kò bá ti kékeré mọ adùn kí a padà sí ìtàn kan náà, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Títò ìwé náà kò já geere: ìwé ìṣirò lè wà lórí ewì, ewì lórí ìwé àdúrà. Kò sí POS níbẹ̀, kí ènìyàn mú owó dání tàbí kó múra láti fi fóònù ránṣẹ́ sí báńkì.

Ní ti iye owó, láàrin ₦500 sí ₦2,500 ni ọ̀pọ̀ ìwé àlòkù wà ní ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, àwọn tó nípọn tàbí tó wọ́n lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé owó yìí kò fúyẹ́ lójú ẹni tó ní ọmọ níléèwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni ìwé ti ń gba owó lọ́wọ́ wa: ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ohun tí Townsend sì ní lọ́kàn ni kí ìwé kíkà di bárakú fún àwọn Ẹ̀gbá. Ní ìsọ̀ yìí, ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́ lè ka orí kìíní, kó lọ, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá ka orí kìíní òmíràn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lé e.

Bàbá Oníwèé kì í gba ayédèrú wọlé, èyí sì tún jẹ́ ohun tí mo fi ń yìn wọ́n. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n: ẹ gbé ojú-ìwé kan sí òòrùn, ẹ wo àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí wọ́n bá jẹ́ pé fọ́tò ìwé gidi ni wọ́n lọ tẹ̀, àmì wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́, tí “ọkọ̀” àti “ọkọ́” á di ọ̀kan náà, òǹkàwé á sì máa méfò ohun tó yẹ kó máa gbádùn.

Láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọ́n sì ń tì í bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Òwúrọ̀ ló dára jù láti lọ, kí oòrùn tó gun páànù. Ìwé Lápàdé mi ti wà nílé báyìí: Bàbá ṣe ẹ̀dà ojú-ìwé 16 náà lọ́dọ̀ àwọn onífótókọ́pì tó wà ní òdìkejì, wọ́n fi òwú funfun rán an mọ́ àárín rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Bébà rẹ̀ funfun ju ìyókù lọ, ibẹ̀ ni ìwé náà sì máa ń ṣí sí fúnra rẹ̀ bí mo bá gbé e lé tábìlì.