Ààfin Sintra àti Etíkun Cascais Lọ́jọ́ Kan Ṣoṣo: Ọkọ̀ Àdáni, Bọ́ọ̀sì Àlejò, tàbí Ọkọ̀ Ojú Irin?

Ẹni tí ó bá lọ lo ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Lísbọ̀n, olú ìlú Pọ́rtúgàl, kò ní pẹ́ rí i pé ìrìn-àjò kan wà tí wọ́n ń polówó káàkiri: kí ẹ jáde láàárọ̀ lọ wo ààfin àwọn ọba àtijọ́ lórí òkè Sintra, kí ẹ sì gba etíkun lọ sí Cascais kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà ṣe é. Ẹ lè gba ọkọ̀ àdáni tí awakọ̀ rẹ̀ tún jẹ́ amọ̀nà, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin àti ará ilé yín nìkan ni ẹ óò wà nínú rẹ̀. Ẹ lè ra àyè nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kó àlejò oríṣiríṣi sí. Ẹ sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin fúnra yín. Owó ọ̀nà àkọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju ti ìkẹyìn lọ, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ san án mọ ohun tí ó ń rà. Lójú tèmi, kì í ṣe àga ọkọ̀ tó tura ni ẹ ń san owó fún. Àkókò ni, pẹ̀lú àǹfààní láti yan ibi tí ẹ óò lò ó sí. Bí ọkọ̀ àdáni kan kò bá fún yín ní méjèèjì yìí, ó wọ́n jù, iye yòówù kí wọ́n pè é.

Ohun tí ó wà lójú ọ̀nà

Sintra kò jìnnà sí Lísbọ̀n, nǹkan bí 30 kìlómítà ni. Òkè tí igbó bò ni, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ wá láti inú òkun, débi pé ìkùukùu lè bo òkè náà mọ́lẹ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn ní Lísbọ̀n. Ìtura yìí ni àwọn ọba Pọ́rtúgàl ń wá tí wọ́n fi ń sá fún ooru lọ síbẹ̀. Ní 1995 ni àjọ UNESCO kọ agbègbè náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé.

Ààfin Pena ni èrò pọ̀ sí jù. Ferdinand Kejì, ọkọ Ọbabìnrin Maria Kejì, ni ó ra àwókù ilé àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, tí ó wà lórí òkè náà ní 1838, tí ó sì sọ ọ́ di ààfin tí apá kan rẹ̀ pupa, tí apá kejì ní àwọ̀ ìyeyè. Ní àárín ìlú nísàlẹ̀ ni ààfin tí ó dàgbà jù ú lọ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Palácio Nacional. Ẹ óò dá a mọ̀ láti òkèèrè nítorí ihò èéfín ilé ìdáná rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n funfun, tí wọ́n rí ṣóńṣó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ga ní mítà 33. Regaleira, ilé ńlá mìíràn tí àlejò ń lọ wò ní Sintra, kì í ṣe ilé ọba rárá. Olówó kan tí wọ́n bí ní Rio de Janeiro, António Augusto Carvalho Monteiro, ni ó ní kí wọ́n kọ́ ọ láàrin 1904 sí 1910. Ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀ ni kànga kan tí kò ní omi, tí ó jìn tó mítà 27, tí àtẹ̀gùn olókùúta rẹ̀ ń yí po lọ sísàlẹ̀. Ẹ óò máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ara yín, ògiri yóò máa tutù sí i, òkúta àtẹ̀gùn náà yóò máa rin, àwọn tí ó wà lókè yóò máa kéré lójú yín, títí ẹ óò fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ihò abẹ́ ilẹ̀ ti gbà yín jáde sínú ọgbà. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ fún ẹni tí orúnkún ń dùn.

Láti òkè yìí ni ọ̀nà ti dà lọ sí Cabo da Roca, níbi tí ilẹ̀ Yúróòpù parí sí ní ìwọ̀-oòrùn. Ilé iná atọ́kọ̀sọ́nà kan wà níbẹ̀, ògiri àpáta ga tó nǹkan bí mítà 140 sórí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì lè ṣí gèlè lórí ẹni tí kò bá dì í mú. Wákàtí kan kò pọn dandan níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n ti tó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni etíkun Guincho, àyè àwọn tí ń fi pátákó lé ìgbì, àti Cascais, ìlú apẹja tí ó di ibi ìsinmi ìdílé ọba láti 1870, nígbà Ọba Luís Kìíní.

Ọ̀rọ̀ kan kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nínú ìrìn-àjò yìí. Palácio Nacional gba púpọ̀ nínú ẹwà rẹ̀ lásìkò Ọba Manuel Kìíní, tí ó jọba láti 1495 sí 1521. Owó òwò ojú òkun ni ó fi ṣe é, owó títa àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀. Ààfin Queluz, tí ó wà lójú ọ̀nà láti Lísbọ̀n sí Sintra, ni wọ́n bí Pedro, ọmọ ìdílé ọba Pọ́rtúgàl, sí ní 1798, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní 1834. Òun ni ó kéde òmìnira Brazil ní 1822, ní ìgbà tí wọ́n ṣì ń kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí Bahia. Inú mi kì í dùn bí amọ̀nà kan bá fi gbogbo ọjọ́ sọ̀rọ̀ nípa táìlì àti ọgbà, tí kò sì mẹ́nu ba ibi tí owó náà ti wá. Èyí wà lára ìdí tí ó fi yẹ kí a fiyè sí irú amọ̀nà tí a ń gbà.

Ọ̀rọ̀ owó

Ọkọ̀ ojú irin ni ó dín owó jù. Láti ibùdókọ̀ Rossio ní Lísbọ̀n títí dé Sintra, nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú ni, owó rẹ̀ lálọ nìkan kò sì tó yúrò 3. Bọ́ọ̀sì 434 ni ó ń gbé ènìyàn láti ibùdókọ̀ Sintra gun òkè lọ sí Pena. Àyè kan nínú bọ́ọ̀sì àlejò sábà máa ń wà láàrin yúrò 60 sí 100. Ọkọ̀ àdáni lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí yúrò 300, kí ó sì kọjá 600, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó àti iye wákàtí tí ẹ óò lò. Owó wọ̀nyí ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà ìṣirò ni kí ẹ mú dání ju iye lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá orí ọkọ̀ ni wọ́n ń ka owó náà lé tàbí orí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ orí ọkọ̀, tí ẹ sì jẹ́ mẹ́fà, ọkọ̀ tí wọ́n pè ní yúrò 420 ti di 70 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò ju ti bọ́ọ̀sì lọ. Bí ẹ bá jẹ́ méjì péré, ó di 210, ọ̀rọ̀ sì ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùrà ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ ìpolówó, ti ọkọ̀ àdáni àti ti bọ́ọ̀sì, owó ìwọlé ààfin kò sí nínú iye tí wọ́n kọ síta. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ pé ó wà níbẹ̀, ẹ béèrè irú èyí tí ó jẹ́, nítorí Pena ní tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà nìkan, ó sì ní èyí tí ó gba ènìyàn wọ inú ààfin. Ẹni tí ó bá ní ti ọgbà lè dúró níta ya fọ́tò, ṣùgbọ́n yàrá àwọn ọba kò ní ṣí fún un. Yàtọ̀ sí èyí, ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó Pena àti Palácio Nacional kọ́ ni ó ń bójú tó Regaleira, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dá dúró.

Ọ̀rọ̀ àkókò, níbi tí ìyàtọ̀ gidi wà

Tíkẹ́ẹ̀tì inú ààfin Pena ní ọjọ́ àti wákàtí lára, wákàtí náà sì jẹ́ ti ẹnu ọ̀nà ààfin, kì í ṣe ti géètì ọgbà. Ìgòkè wà láàrin méjèèjì, tí ó lè gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ ẹni tí ń rìn pẹ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì kékeré kan wà nínú ọgbà tí ń gbé ènìyàn gòkè, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò dé géètì ní aago mẹ́wàá, yóò rò pé òun dé lásìkò, àṣé ó ti pẹ́. Awakọ̀ àdáni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ra wákàtí àárọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, yóò mú yín dé kí èrò tó kún, yóò sì ti gbé yín sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ń dé. Àǹfààní yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú ohun tí ọkọ̀ àdáni ń tà. Ohun kan tún ń ràn án lọ́wọ́: wọ́n ti dí ọ̀nà òkè Pena mọ́ ọkọ̀ àwọn àlejò tí ń wakọ̀ fúnra wọn, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ọkọ̀ tí ẹ háyà yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Nínú bọ́ọ̀sì àlejò, aago ẹlòmíràn ni ẹ ń tẹ̀lé. Ẹ óò dúró de ẹni tí kò tíì jáde láti ilé ìtura, ẹ óò sì tún dúró de ẹni tí ó sọnù nínú ọjà. Amọ̀nà náà lè máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè méjì tàbí mẹ́ta, débi pé ohun tí ó kù fún èdè tí ẹ gbọ́ kò pọ̀. Ààfin kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀, lẹ́yìn èyí wọn yóò tú yín sílẹ̀ sínú ìlú, wọn yóò sì sáré gba etíkun kọjá. Mi ò sọ pé kò ní èrè. Ẹni tí ó dá rìn, tí ó fẹ́ rí etíkun náà láìsí wàhálà pípààrọ̀ ọkọ̀, yóò rí i bí ohun tí ó tó owó rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní òmìnira, ṣùgbọ́n dídúró de bọ́ọ̀sì ni yóò jẹ àkókò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì wà láti Sintra lọ sí Cabo da Roca, èyí tí ó tún ń lọ sí Cascais, ọkọ̀ ojú irin mìíràn sì ń gbé ènìyàn láti Cascais padà sí ibùdókọ̀ Cais do Sodré ní Lísbọ̀n ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ó ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan bí ẹ bá fi mọ sí ààfin kan. Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjì, ẹ ya Sintra sọ́tọ̀, kí ẹ ya Cascais sọ́tọ̀. Ẹ óò gbádùn méjèèjì ju ti ẹni tí ó há gbogbo rẹ̀ mọ́ ọjọ́ kan lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìpolówó ọkọ̀ àdáni tí ó to ààfin mẹ́rin àti etíkun mẹ́ta jọ fún wákàtí mẹ́jọ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, inú ọkọ̀ ni yóò parí sí. Ààfin méjì, Cabo da Roca, àti oúnjẹ ẹja ní Cascais ti tó. Tí èmi bá fẹ́ yàn, Pena ni màá mú láàárọ̀, màá sì fi Palácio Nacional tẹ̀ lé e, nítorí ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Regaleira lọ, èrò rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò ní gbà fún mi, nítorí kànga yẹn ni wọ́n ń fẹ́ yà ní fọ́tò.

Ta ni ó yẹ kí ó ra èwo?

Bí Màmá tàbí Bàbá bá wà pẹ̀lú yín, tàbí ọmọ ọwọ́, ẹ gba ọkọ̀ àdáni, kódà bí ẹ kò bá pọ̀. Òkè Sintra kò ṣàánú ẹsẹ̀ àgbà, ó sì ṣe pàtàkì kí ọkọ̀ wà nítòsí tí wọ́n lè padà sí nígbà tí ó bá rẹ̀ wọ́n. Fún ọmọdé, òfin Pọ́rtúgàl sọ pé kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, jókòó sórí àga ọmọdé nínú ọkọ̀. Ẹ sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ fún wọn ṣáájú. Ẹ̀yin mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹ jọ ń rìn náà yóò jèrè ọkọ̀ àdáni. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ara wọn le, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n sì fi owó tí ó kù jẹ oúnjẹ tó dára.

Kí ẹ tó sanwó

Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe irú ìrìn-àjò yìí ní Pọ́rtúgàl gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ Turismo de Portugal, kí ó sì ní ìwé adójútòfò. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ náà máa ń ní RNAAT níwájú. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó ní i kò ní bínú. Ẹ béèrè bóyá amọ̀nà náà yóò bá yín wọ inú ààfin, nítorí awakọ̀ púpọ̀ ni ó máa ń dúró síta de àlejò, tí ẹ óò sì máa wo yàrá láìsí ẹni tí yóò ṣàlàyé. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ààfin tí ẹ óò wọ̀ àti wákàtí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìdápadà owó ṣe kókó fún wa ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó ń gbé ní ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì nílò físà Schengen kí ó tó wọ Pọ́rtúgàl, nítorí náà kí ó má ṣe san owó tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ewu iná igbó bá pọ̀, àwọn aláṣẹ lè ti òkè Sintra pa, tí Pena yóò sì wà ní títì lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ náà yóò ṣe bí èyí bá ṣẹlẹ̀: ṣé wọn yóò dá owó padà, ṣé wọn yóò sún ọjọ́ síwájú, tàbí wọn yóò fi Queluz rọ́pò rẹ̀? Bí ìjà bá sì dé lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó, ìwé ìfẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní Livro de Reclamações pọn dandan fún ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ní, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ lè kọ ẹ̀sùn yín sí lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà délé.