Mo lọ sí mùsíọ́mù Kóńgò ní Tervuren, ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn kẹ́ ẹ tó lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí lèèyàn lè lọ wò ní Bẹ́ljíọ̀m yàtọ̀ sí ṣokoléètì, mo ti rí èsì fún yín. Ẹ lọ sí AfricaMuseum ní Tervuren, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brussels. Ẹ wọ tíráàmù 44 ní Montgomery nínú Brussels, ó máa gba inú igbó kọjá, ẹ má sọ̀kalẹ̀ títí tó fi dé òpin, ẹ ó kàn fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ ni. Wọn kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Ẹ sì wo ojú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, mo máa sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ilé yẹn rẹwà, mi ò lè purọ́. Àmọ́ owó Kóńgò ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láti 1885 títí dé 1908, Kóńgò kì í ṣe ti ìjọba Bẹ́ljíọ̀m, ti Ọba Léópọ́ọ̀lù Kejì fúnra ẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń ní oko kòkó, ọkùnrin tí ò fẹsẹ̀ tẹ Kóńgò rí títí tó fi kú! Ayé ń wá rọ́bà nígbà yẹn torí táyà kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò, rọ́bà sì ń hù fúnra ẹ̀ nínú igbó ibẹ̀. Àwọn sójà Léópọ́ọ̀lù á wọ abúlé, wọ́n á ti àwọn obìnrin mọ́lé, wọ́n á ní káwọn ọkọ lọ wá rọ́bà wá kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Sójà tó bá yìnbọn gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó pa wá, kọ́gàá ẹ̀ lè mọ̀ pé kò fi ọta ṣòfò. Tó bá ti fi ọta pa ẹran ìgbẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ alààyè ló máa gé. Fọ́tò kan wà tí Alice Seeley Harris, obìnrin míṣọ́nnárì kan, yà ní 1904, bàbá kan tó ń jẹ́ Nsala jókòó, ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀, tọmọ ẹ̀ obìnrin ni. Ó kàn ń wò ó.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ máa rí gbọ̀ngán róbótó kan, àwọn ère tó ń dán bíi wúrà wà lára ògiri ẹ̀, àkọlé ọ̀kan ní Bẹ́ljíọ̀m ń mú ọ̀làjú wá sí Kóńgò. Òfin ló ń dáàbò bo ilé yẹn, wọn ò lè yọ wọ́n. Aimé Mpane, ọmọ Kóńgò tó ń gbẹ́gi, ló wá gbẹ́ orí ńlá kan sí àárín gbọ̀ngán, ó tún gbẹ́ ère agbárí Lusinga sí i. Olóyè ni Lusinga, àwọn èèyàn Storms, òyìnbó Bẹ́ljíọ̀m, ló pa á ní 1884, Storms sì gbé orí ẹ̀ lọ sílé. Orí èèyàn o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, orí, tí wọ́n dì bí ẹrù.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan ni ìbòjú Kakuungu, ìbòjú ńlá kan tó jẹ́ ti Kóńgò, tó wà nínú mùsíọ́mù yẹn tẹ́lẹ̀. Ní 2022 ni Philippe, ọba Bẹ́ljíọ̀m, gbé e lọ sí Kinshasa, olú ìlú Kóńgò, inú mi kọ́kọ́ dùn, àfi ìgbà tí mo kà á pé wọ́n YÁ Kóńgò ni. Ta ló ń yá onínǹkan ní nǹkan ẹ̀?

Ó wá ku ògiri ìrántí kan nínú mùsíọ́mù yẹn. Orúkọ 1,508 ọmọ Bẹ́ljíọ̀m tó kú sí Kóńgò ló wà lára ẹ̀. Ní 1897, ọdún kan náà táwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní tí wọ́n lé Ovonramwen kúrò lórí àpèrè, àwọn èèyàn Léópọ́ọ̀lù kó ọmọ Kóńgò 267 wá sí Tervuren, wọ́n kọ́ abúlé fún wọn létí omi káwọn èèyàn lè máa wá wò wọ́n bí ẹranko. Òjò àti òtútù pọ̀ lọ́dún yẹn, méje kú nínú wọn. Freddy Tsimba, ọmọ Kóńgò tó ń ṣe ère, wá kọ orúkọ àwọn méje yẹn sára wíńdò tó kọjú sí ògiri, tí oòrùn bá yọ, òjìji orúkọ wọn á bọ́ sórí orúkọ àwọn òyìnbó. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wo ojú ọjọ́ nìyẹn. Ìkùukùu bo oòrùn nígbà tá a dé, a dúró tó ogún mínìtì, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 13. Nígbà tí oòrùn yọ, ọmọ yẹn na àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, orúkọ bọ́ sí i. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ má tíì lọ sílé o. Sàréè àwọn méjèèje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Sint-Jan nínú ìlú yẹn, kò jìnnà. Ọmọ yẹn ló ka orúkọ wọn sókè: Ekia, Gemba, Kitukwa, Mpeia, Zao, Samba, Mibange. Kitukwa ṣòro fún un díẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó tún un pè.